Ẹyọ Lẹ́tà Kan Nínú Orúkọ Samia

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún tí Sefer Wèrè, jagunjagun tó ṣọ̀tẹ̀ sí Sultan, dó ti ìlú Gökhisar, Samia to ọpọ́n bàbà márùn-ún sílẹ̀ nínú yàrá abẹ́ ilé Màmá Döne, ó bu omi díẹ̀ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó sì fi etí ọ̀tún lélẹ̀.

"Omi mi àná nìyẹn o," Màmá Döne wí láti orí àtẹ̀gùn. Opó aláwọ ni, òórùn awọ kò sì kúrò lára rẹ̀ láti ogójì ọdún. "Omi tí mi ò mu, tí mi ò fi ṣe àlùwàlá, ìwọ wá ń wò ó bí ọmọge tó rí dígí."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mí."

"Sefer fẹ́ kí n má mí, ìwọ náà fẹ́ kí n má mí. Ta ni kí n dá lóhùn nínú ẹ̀yin méjèèjì?" Ṣùgbọ́n ó dákẹ́, ó sì di ògiri mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà dún.

Àsìkò tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àárọ̀ tán ni etí máa ń ríṣẹ́ ṣe jù lọ, nígbà tí ọlọ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í yí láàárín ìlú. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni Samia ti kọ́ èyí. Ramiz ni orúkọ bàbá náà, òun ló sì ń tọ́jú omi Gökhisar. Láti ìsun omi orí òkè ni omi ti ń wá, inú ọ̀pá amọ̀ ló ń gbà, ọ̀kan wọnú èkejì, wọ́n fi ẹfun, òróró àti òwú tí wọ́n pò pọ̀ dí oríkèé wọn, wọ́n sì bò wọ́n mọ́lẹ̀ lábẹ́ òpópónà. Bí oríkèé kan bá là, ojú kò lè rí i. Ramiz á dọ̀bálẹ̀ lórí òpópónà, á fi etí lélẹ̀, á wá nawọ́: "Ẹ gbẹ́ ibí." Kì í ṣì í. Ó máa ń sọ pé omi tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ kì í sọ̀rọ̀, èyí tó ń jò ni ẹnu rẹ̀ kì í dúró. Kò bí ọkùnrin. Samia ló kọ́, pẹ̀lú Veysi tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, tó sì di ọkọ Samia nígbẹ̀yìn.

Omi inú ọpọ́n kẹta gbọ̀n. Ó dẹ̀, ó tún gbọ̀n. Ti ìkejì àti ìkẹrin gbọ̀n díẹ̀. Ti ìkíní àti ìkarùn-ún kò mì rárá.

Samia fa etí rẹ̀ sún mọ́ ọpọ́n kẹta. Ó gbọ́ ọkọ́ méjì tàbí mẹ́ta nínú ilẹ̀. Wọ́n á gbẹ́ díẹ̀, wọ́n á dúró, ẹnìkan á wá fi nǹkan wọ́ iyẹ̀pẹ̀ sínú agbọ̀n, agbọ̀n á sì dún bí wọ́n ṣe ń fà á padà sẹ́yìn. Iṣẹ́ àwọn tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ni. Abẹ́ odi ni wọ́n ń bọ̀. Bí wọ́n bá dé ibẹ̀, wọ́n á kó ẹ̀tù ìbọn sínú ihò náà, wọ́n á tanná sí i, odi á sì wó sílẹ̀ pẹ̀lú ibodè tí wọ́n ń pè ní Ibodè Aláwọ.

Láàárín àwọn ọkọ́ náà, ọ̀kan wà tí kò jọ ti yòókù. Ó ń dún ní kíákíá lẹ́ẹ̀mejì, ìkẹta á sì wọ́ nílẹ̀. Kọ́, kọ́, kọ̀ọ̀ọ̀. Ọrùn-ọwọ́ Veysi dá nígbà tó wà lọ́mọdé, kò sì jinná dáadáa. Bí ó bá gbọ́kọ́ sókè lẹ́ẹ̀kẹta, ọwọ́ á rẹ̀ ẹ́, ọkọ́ á wọ́. Ọdún mọ́kànlá ni Samia ti fi gbọ́ ohùn ọkọ́ yẹn nínú ọgbà, nínú kòtò, lábẹ́ òpópónà.

Ní ọjọ́ kẹjọ ogun ni àwọn Sefer dí omi ìlú. Veysi gba ilẹ̀kùn kékeré jáde láti lọ wo ìsun omi, kò sì padà. Samia ti ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ló wá gbọ́ ọkọ́ rẹ̀ níhìn-ín, lábẹ́ ilé Màmá Döne, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Wọ́n ti sọ ọkọ rẹ̀ di ẹrú tó ń gbẹ́lẹ̀. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá fi ibi tí ọ̀tá ti ń gbẹ́lẹ̀ han àwọn ọmọ-ogun, wọ́n á fọ́n ihò náà ká pẹ̀lú gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀. Bí kò bá sì fi hàn, odi á wó lọ́jọ́ Jímọ̀, nítorí Sefer ti ní bí wọn kò bá ṣílẹ̀kùn kí wọ́n tó kí ìrun Jímọ̀ tán, òun á ṣí i fúnra òun. Ọjọ́rú sì nìyí.

Ó dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò létí.

"Ṣé wọ́n ti dé ibí?" Màmá Döne bi í.

"Ó ku bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá."

"Ó dáa. N kò tíì gbálẹ̀." Ìyá arúgbó náà da omi ọpọ́n márààrún padà sínú ìkòkò, kò jẹ́ kí ẹ̀kán kan dànù. "Lọ sọ fún Ağa."

*

Turhan Ağa ni olórí àwọn ọmọ-ogun tó ń ṣọ́ odi. Ogójì ènìyàn ló ní nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ku mọ́kànlélógún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó gbé e lé orí àpótí, ó ń jẹ búlgúrù, ìyẹn àlìkámà sísè, tí kò lọ́ràá nínú pẹ̀lú ẹran kan tí ẹnikẹ́ni kò béèrè orúkọ rẹ̀. Kádì Muhyiddin, adájọ́ ìlú, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pẹ̀lú ìwé lórí itan rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Ağa. Ẹ káàárọ̀, Kádì Efendi."

"Samia, ọmọ Ramiz," Ağa dá a lóhùn. "Jókòó. Bí ebi bá ń pa ọ́, bu jẹ. Kétékété Kádì ni, ó kàwé púpọ̀ kó tó kú."

Kádì kò rẹ́rìn-ín. "Kétékété náà sàn ju àwọn tó jẹ ẹ́ lọ."

Samia ròyìn ohun tó gbọ́: ọpọ́n kẹta, àwọn ọkọ́, agbọ̀n tí wọ́n ń fà, bí ihò náà ṣe sún mọ́ Ibodè Aláwọ tó. Ağa gbọ́ ọ dé òpin, ó sì mi orí.

"O ṣeun. Ṣùgbọ́n a ti mọ ibi tí wọ́n ń gbẹ́. Àgbá ẹ̀tù kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù fún wa, mo sì ti ní kí wọ́n gbé e lọ sí Ilé-Ìṣọ́ Gíga. Ibẹ̀ la máa gbẹ́ tiwa sí láti fi pàdé wọn."

"Ilé-Ìṣọ́ Gíga? Orí àpáta ni wọ́n kọ́ ọ lé."

"Ọkọ rẹ ló ránṣẹ́ sí wa," Kádì wí.

Kádì mú èdídí igi kan jáde nínú ẹ̀wù rẹ̀. Kò ju àtàǹpàkò lọ, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ omi fi ń dí ojú ọ̀pá. Ní àárín òru mọ́jú ọjọ́ yẹn, ẹnu ọ̀pá omi tó wà ní àgbàlá ilé Ağa, tó ti gbẹ fún ọjọ́ mọ́kànlá, ṣàdéédéé wúkọ́ bí arúgbó, ó pọ omi tó tó àwo méjì, ó sì tu èdídí náà jáde.

"Veysi nìkan ló lè dá irú nǹkan báyìí," Ağa wí. "Wọ́n gbọ́dọ̀ ti mú un lọ sí ìsun omi láti tún omi ibùdó wọn ṣe. Ó jí omi díẹ̀ tú sílẹ̀ fún wa."

"Ọ̀rọ̀ kan ni ààyè gbà lára rẹ̀," Kádì wí, "ọ̀rọ̀ kan ló sì gbẹ́ sí i. Sàmíyè. Lédè Lárúbáwá, ohun tó ga. Ibi gíga ni wọ́n ń gbẹ́ lọ. Ilé-Ìṣọ́ Gíga."

"A ò sì fi ìwé nìkan ṣe é," Ağa tún sọ. "Mo ní kí Bekir tẹ́ ẹ̀wà gbígbẹ sórí awọ ajọ̀ níbẹ̀, kó gbé e lé ilẹ̀. Ẹ̀wà jó."

Bekir, ọmọ-ogun tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kan sáárá sí ara rẹ̀. "Ó jó bí ìyàwó tuntun."

Samia yíjú sí i. "Báwo ló ṣe dún?"

"Gbì. Gbì. Gbì."

"Láìdúró?"

"Láti àárọ̀ títí mo fi kúrò níbẹ̀. Gbì, gbì, gbì. Orí fọ́ mi."

"Ǹjẹ́ ẹ gbọ́ ìgbà tí wọ́n ń wọ́ iyẹ̀pẹ̀? Ǹjẹ́ ẹ gbọ́ agbọ̀n?"

Bekir ronú. "Rárá o."

"Níbo wá ni wọ́n ń kó iyẹ̀pẹ̀ ọ̀hún sí? Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ ni?" Samia kọjú sí Ağa. "Ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ á gbẹ́, á dúró, á kó o. Èyí tí kò dúró rí, ọkùnrin méjì pẹ̀lú òòlù ni. Wọ́n ń lu àpáta kí ẹ̀wà yín lè jó."

Bekir rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e mì nígbà tí Kádì wò ó.

"Ağa, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́," Kádì wí. "Ọkọ obìnrin yìí wà lọ́wọ́ ọ̀tá. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ wà nínú ihò kan, ibòmíràn ló máa ní kí ẹ fi iná sí. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dá ọmọ ènìyàn."

Ohun tí Samia ti fi pamọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin wá sí ẹnu rẹ̀, kò sì dí i mọ́.

"Òótọ́ ni. Ọkọ mi wà nínú ihò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Ilé-Ìṣọ́ Gíga. Abẹ́ ilé Màmá Döne ló wà. Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń gbọ́ ọkọ́ ọkọ mi níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo sì ní kí ẹ gbé ẹ̀tù lọ."

Ağa gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Samia. O mọ ohun tí ẹ̀tù máa ń ṣe fún ẹni tó wà nínú irú ihò yẹn?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"O sì ń nawọ́ síbẹ̀?"

"Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, Ağa. Mi ò lè lọ gbọ́ ọ níbòmíràn nítorí pé Veysi ló wà níbẹ̀."

Kádì tún ọ̀fun ṣe. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀. "Ọmọ mi, mo gbà pé o gbọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n etí lè tan ni. Ohun tí a kọ, a kọ ọ́."

"Ẹ jẹ́ kí n rí i, Kádì Efendi."

"Ṣé ìwọ mọ̀wé ni?"

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo lè kà."

Ağa na ọwọ́, ó gba èdídí náà lọ́wọ́ Kádì, ó fún un. Samia gbé e lọ sí ojú fèrèsé. Ó tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sínú ojú ọ̀bẹ. Ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ.

Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ó jókòó lórí òkìtì ọ̀pá amọ̀, bàbá rẹ̀ sì fi èédú kọ nǹkan sára ọ̀pá kan. "Ìwọ nìyí," ni bàbá náà wí. Ó fi ìka rẹ̀ tọ ọ̀rọ̀ náà títí ó fi dé àárín, níbi tí ìlà ti so kókó kékeré kan, bí ìgbà tí okùn bá kó ara rẹ̀ jọ. "Kókó yìí ni kí o ṣọ́ra fún. Áyìn ni wọ́n ń pè é. Inú ọ̀nà ọ̀fun ni àwọn Lárúbáwá ti máa ń pè é. Àwa Tọ́ọ̀kì kì í pè é, ahọ́n wa ń fò ó ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ṣi orúkọ rẹ gbọ́. Bí kókó yìí bá wà níbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ ni ẹni tó ń gbọ́. Bí wọ́n bá yọ ọ́, tí wọ́n fi ìlà kékeré tó yọ bí eyín àti àmì kékeré méjì nísàlẹ̀ rọ́pò rẹ̀, o ti di ẹni gíga. Ẹni gíga pọ̀ nílé àwọn olówó. Ẹni tó ń gbọ́ ni mo bí."

Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ gan-an, Ramiz lọ bá Kádì pé kó bá òun kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé ìlú. Ọ̀dọ́ ni Kádì nígbà náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ ńlá dé, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ta ló ń sọ ọmọ ní Gbígbọ́? Ṣé èyí tó kàn á máa jẹ́ Gbígbóòórùn? Ó ní Samiye ni Ramiz ń wá, àìmọ̀wé ló mú un sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì kọ Samiye sílẹ̀. Ramiz kò bá a jà. Ó ní kí Kádì kọ ohun tó bá wù ú sínú ìwé Kádì, òun mọ ohun tí òun sọ ọmọ òun. Ó padà sílé, ó sì gbẹ́ orúkọ náà bó ṣe yẹ sára ọ̀pá amọ̀ tó gbé sẹ́nu ìloro.

"Kì í ṣe sàmíyè," Samia wí.

"Ọmọ mi..."

"Kò sí àmì kékeré méjì nísàlẹ̀ rẹ̀."

"Igi ni wọ́n fi gbẹ́. Àwọn àmì náà á ti parẹ́. Eyín náà kò sì dọ́gba, ọ̀bẹ ló yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Oníṣẹ́ omi ni, kì í ṣe akọ̀wé."

"Kádì Efendi, iṣẹ́ ọkọ mi ni kó fi ọ̀bẹ gé igi títí yóò fi dí ojú ọ̀pá, tí omi kò ní í rí ibi jò. Ọ̀bẹ kì í yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́." Ó gbé èdídí náà sí abẹ́ imú Kádì. "Eyín kọ́ nìyí. Kókó ni. Áyìn ni. Ẹni méjì péré ló kọ ọ̀rọ̀ yìí báyìí rí ní Gökhisar. Ọ̀kan ti kú, ó sì kọ́ èkejì kó tó kú. Wọ́n ti dá èkejì padà sábẹ́ ilé Màmá Döne. Ààyè ọ̀rọ̀ kan ló ní, kò fi sọ ibi tí wọ́n ń gbẹ́. Ó fi sọ ẹni tí ẹ máa bi."

Turhan Ağa gbé ẹsẹ̀ wíwú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. "Kádì Efendi, ẹ bá wa kà á. Kì í ṣe bí àwa ṣe ń pè é. Bí àwọn tó ni èdè ṣe ń pè é ni."

Kádì gba èdídí náà. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó fà á sẹ́yìn, ó fi èékánná tọ kókó náà yíká. Ọkùnrin náà gbéraga, ṣùgbọ́n kì í purọ́ níwájú ohun tí a kọ. Ó ṣí ẹnu. Ohùn náà ti ìsàlẹ̀ ọ̀fun rẹ̀ wá, bí ìgbà tí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ bá gbé nǹkan mì.

"Sàmi'a," ó wí. "Ẹni tó ń gbọ́."

"Bekir," Ağa wí, "lọ gbé ẹ̀tù wá sí ilé aláwọ. Bí o bá jó lọ́nà bíi ti ẹ̀wà rẹ, màá jù ọ́ sílẹ̀ láti orí odi."

*

Àwọn aláwọ ló gbẹ́ ihò náà, Samia sì ń darí wọn. Ó ní kí wọ́n fi ìrépé awọ we ẹsẹ̀. Wọn kò lo agbọ̀n, nítorí agbọ̀n máa ń dún. Inú awọ àgùntàn ni wọ́n ń kó iyẹ̀pẹ̀ sí, wọ́n sì ń gbé e kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ìgbà tí ọ̀tá bá ń gbẹ́ ni àwọn náà ń gbẹ́. Bí ọ̀tá bá dúró, Samia á gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wọn á sì di òkúta. Ọ̀pá igi kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, orí kan rẹ̀ nílẹ̀, orí kejì létí, bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Láti Ọjọ́rú títí di àárọ̀ Jímọ̀ ni kọ́, kọ́, kọ̀ọ̀ọ̀ ti ń sún mọ́ ọn. Kò gbàdúrà pé kó dúró. Ó gbàdúrà pé kó má dúró, nítorí bó bá dúró, kò ní í mọ̀ bóyá Veysi ṣì wà láàyè.

Ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ Jímọ̀, ó ku ìgbọ̀nwọ́ méjì láàárín ihò méjèèjì. Akéde Sefer sì gun ẹṣin wá sí abẹ́ Ibodè Aláwọ, ohùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn láti òkè.

"Sefer Wèrè! Sefer aláṣọ irin! Ẹni tí Sultan jẹ ní gbèsè owó oṣù, tó sì fi ìlú mẹ́sàn-án gbà á! Ẹ ṣílẹ̀kùn fún un, ẹ̀yin ará Gökhisar! Ẹ ò lómi, ẹ ò lónjẹ, ẹ ò ní odi mọ́!"

Ohùn obìnrin kan dá a lóhùn láti orí odi. Màmá Döne ni. "Ṣé odi tí mo fara tì yìí ni kò sí? Sọ fún Sefer kó wá kí mi kó tó wọlé, mi ò mọ ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ!"

Ẹ̀rín bú lórí odi. Nínú ihò, Turhan Ağa, tí wọ́n gbé sọ̀kalẹ̀ lórí àga, na okùn iná sí àgbá ẹ̀tù. "Ó tó àkókò."

"Ẹ fún mi ní àkókò láti ka Fátíhà méje," Samia wí.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀."

Àwọn oníṣẹ́ omi méjì kì í gbọ́ ohùn ara wọn bí ọ̀kan bá wà lókè tí èkejì sì wà nísàlẹ̀. Lílù ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ lára ọ̀pá. Ẹ̀ẹ̀mẹta àti wíwọ́ kan: mo wà níbí. Ẹyọ kan: mo gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin, ìdákẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin: mo fẹ́ tú omi sílẹ̀, kúrò lẹ́nu ọ̀pá.

"Bí àwọn tó kù bá gbọ́ ńkọ́?" Ağa bi í. "Wọ́n á mọ̀ pé a ti dé."

"Wọ́n á gbọ́. Wọn ò ní mọ ohun tí wọ́n gbọ́."

Ağa wò ó. "Mẹ́ta," ó wí. "Mi ò lè fún ọ ní méje."

Samia mú òkúta, ó sì lu òkúta ńlá kan tó yọ nínú iyẹ̀pẹ̀ iwájú rẹ̀. Mẹ́rin. Ó dákẹ́. Mẹ́rin.

Gbogbo ọkọ́ tó wà lódìkejì dúró. Ohùn ọkùnrin kan sọ nǹkan, òmíràn dá a lóhùn, ẹnìkan bú. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan dún, ẹ̀ẹ̀kan péré, bí ẹni pé ọkọ́ ṣèèṣì kan òkúta.

Mo gbọ́.

"Bismillahi," Ağa bẹ̀rẹ̀ sí í ka Fátíhà. Kò sáré kà á. Wọ́n gbọ́ tí agbọ̀n kan ń wọ́ lọ sẹ́yìn, sẹ́yìn, bí ìgbà tí ẹni tó ń kó iyẹ̀pẹ̀ bá ń jáde. Ağa ka ìkejì. Ó ka ìkẹta, ó fà á gùn títí gbólóhùn ìkẹyìn fi fẹ́ẹ̀ di orin. Ní ìgbà tó parí, Samia gba okùn iná lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tàn án fúnra rẹ̀. Wọ́n gbé Ağa, wọ́n sá.

Ilẹ̀ gbé wọn sókè, ó sì tún sọ wọ́n kalẹ̀. Níwájú odi, pápá jìn wọlẹ̀ ní ìlà gígùn kan títí dé àgọ́ Sefer, èéfín sì ń jáde nínú ìlà náà bíi láti inú ààrò búrẹ́dì. Ẹṣin akéde jù ú sílẹ̀. Odi Gökhisar dá òkúta mẹ́ta nù, ó sì dúró.

Àwọn ènìyàn ń pariwo, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn. Samia kò bá wọn pariwo. Eruku bò ó látòkè délẹ̀, etí rẹ̀ méjèèjì ń hó. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀pá omi àdúgbò aláwọ, ó gbé etí lé amọ̀ gbígbẹ náà, kò sì gbọ́ nǹkan kan. Màmá Döne wá jókòó tì í. Ó ń fi etí ìborùn rẹ̀ nu eruku kúrò lójú Samia.

Wọ́n ti kí ìrun Jímọ̀ tán, oòrùn sì ti yẹ̀ kúrò lágbedeméjì orí, kí etí Samia tó là. Ọ̀pá náà wúkọ́ lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ó fò sẹ́yìn. Ọ̀pá náà tún wúkọ́, ó tu ẹrẹ̀, ó tu ewé, ó wá tu omi pupa, lẹ́yìn náà omi tó mọ́. Kò dáwọ́ dúró. Ó kún ọpọ́n òkúta, ó sì ń ṣàn sórí òpópónà, àwọn ọmọdé ń sáré bọ̀ pẹ̀lú ìkòkò, àwọn àgbà ń dojú bolẹ̀ mu. Èdídí igi kan ń yí nínú ọpọ́n náà. Samia mú un. Kì í ṣe odindi ọ̀rọ̀ ló wà lára rẹ̀, ẹyọ lẹ́tà kan ni, ńlá, tí wọ́n fi ìkánjú gbẹ́.

Kádì Muhyiddin ti dé ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìlú àti ìgò tàdáwà. Ó wo èdídí náà.

"Áyìn," ó wí. Ó wo omi tó ń ṣàn. "Lédè Lárúbáwá, kì í ṣe lẹ́tà nìkan. Ó tún ń jẹ́ ìsun omi." Ó rọra jókòó sórí òkúta, agbádá rẹ̀ sì wọ inú ẹrẹ̀. "Ọkùnrin yẹn ti ráyè sá dé ìsun omi. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi yọ ọ́ kúrò lára rẹ, ọmọ mi. Ó tú u padà fún ọ."

Samia ti gbé etí padà lé ọ̀pá. Nínú ariwo omi, láti òkè jíjìn, ẹ̀ẹ̀mẹta àti wíwọ́ kan dún.

Ó dìde. Ó bu àwo omi kan, ó gun odi lọ. Akéde Sefer ti rí ẹṣin rẹ̀ mú padà, ó ti padà wá sí abẹ́ ibodè, iyẹ̀pẹ̀ kún irùngbọ̀n rẹ̀. Kò kọrin oríkì mọ́.

"Ọ̀gá mi ní kí n béèrè!" ó kígbe. "Ta ló gbọ́ wa nínú yín? Sefer fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀!"

Samia da àwo omi náà lé e lórí, gbogbo rẹ̀, níbi tí ẹ̀kán kan ti ń ra ẹ̀mí ní àná.

"Sọ fún un kó kọ ọ́ sílẹ̀," ó wí, "síìnì, álífù, míìmù, áyìn, háù. Kó sì ṣọ́ra fún áyìn. Kádì wa náà ti ṣì í kọ rí."